Èso dídì tó rọra wọ inú: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ aboyún kan ní Ṣángó, Ìbàdàn

Àmàlà ni mo fi mọ̀ pé oyún yìí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí wọ́n fi gbẹ̀gìrì àti ewédú tọ́ dàgbà, kí ará ilé kejì ṣáà ti gbé omi ọkà kaná ni, mo ti wà lẹ́yìnkùlé, mò ń bì. Nígbà tí oyún fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, nǹkan tó ń dúró nínú mi ò ju búrẹ́dì gbígbẹ àti ohun tó bá ti tutù nini lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní kílíníkì tí mo ti ń gba káàdì ló là mí lọ́yẹ̀, wọ́n ní oúnjẹ gbígbóná ló máa ń gbé òórùn jáde, tó bá ti tutù òórùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aboyún fi máa ń rí ohun tútù gbé mì nígbà tí ìyókù ò bá lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni mí, mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, ẹ̀yìn ìwé yẹn ni mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá dán wò sí, òun ni mo tò sílẹ̀ yìí.

Ohun tí mò ń wá ò le láti sọ: èso tó dì ṣùgbọ́n tí ò le jù fún eyín, tí adùn ẹ̀ ò pọ̀ jù, tó mọ́ tónítóní, tó sì ṣeé ṣe nínú ilé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló gbà mí lákòókò jù.

Ọ̀sẹ̀ 9. Ọsàn

Oṣù kìíní ọdún la wà, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ọsàn pọ̀ nígboro. Mo ra ogún ní Bódìjà, mo fún un, mo sẹ́ ẹ, mo bù ú sínú ife mẹ́rin, mo ki ṣíbí bọ àárín ẹ̀, mo tì í sínú fírísà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òkúta. Mo fi eyín kàn án, ó ta mí dé àtàrí, ìdí eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ (oyún máa ń jẹ́ kí ìdí eyín wú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí á mọ̀). Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òkè ẹ̀ funfun, ó tẹ́, àfi bí ìgbà tí mò ń lá omi, gbogbo adùn ti sá lọ sí ìsàlẹ̀ ife.

Mo jókòó rò ó. Omi ló pọ̀ jù nínú ọsàn, ṣúgà inú ẹ̀ ò ju bíi 10 nínú 100 lọ. Omi ló máa ń kọ́kọ́ dì, bó bá sì ṣe ń dì ló ń lé ṣúgà síwájú, títí adùn á fi kó jọ síbi tó bá dì kẹ́yìn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá fọwọ́ kàn án, gbogbo yìnyín yẹn á so mọ́ra wọn á di òkúta kan ṣoṣo. Nítorí náà kéèyàn má jẹ́ kó simi ni.

Ìkejì, mo da omi ọsàn náà sínú tírè pẹrẹsẹ, kò ju ìka ọwọ́ kan jìn, mo rin atalẹ̀ tí ò tó èékánná sí i nítorí èébì, gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń fi fọ́ọ̀kì ha á látetí wá sáàrin. Ìgbà mẹ́fà ni mo ha á, wákàtí mẹ́ta gbáko. Ó wá rí bíi gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi tútù lé, ó ń rún wẹ́wẹ́, ó ń yọ́ lórí ahọ́n. Mo jẹ ààbọ̀ ife, mo dúró, mo ń retí kí inú mi yí padà. Kò yí. Mo sunkún ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí nǹkan tó ní adùn ti dúró nínú mi gbẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ 12. Yìnyín lásán

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe tọsàn yẹn, mo dédé bẹ̀rẹ̀ sí í rún yìnyín. Kì í ṣe èso o, omi dídì lásán, tírè méjì lóòjọ́, tí ti ilé bá tán máa lọ ra áìsì bílọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ohun mímu lójú títì, máa fi ọmọ odó fọ́ ọ, máa máa rún un bí ẹni ń rún ẹ̀pà. Mo rò pé ooru ni, ọkọ mi náà rò pé ooru ni, nínú ọyẹ́ ṣá o! Nígbà tí mo dé kílíníkì, nọ́ọ̀sì àgbà yẹn bi mí pé kí lò ń jẹ báyìí, mo ní ọsàn dídì, mo sì fẹnu kan yìnyín. Wọ́n dákẹ́, wọ́n fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. PCV mi (òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára) jẹ́ 28. Tí ti aboyún bá ti wà lábẹ́ 33, ẹ̀jẹ̀ ti ń kù nìyẹn. Wọ́n ní ara tí àyọ́nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bá kù nínú ẹ̀ ló máa ń fa kéèyàn máa yán hànhàn fún yìnyín, ẹlòmíì á máa jẹ amọ̀, ẹlòmíì á máa jẹ ìrẹsì tí wọn ò sè.

Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí n má fi tíì tàbí mílíìkì lò ó torí wọn ò ní jẹ́ kó wọ ara dáadáa, èso tó kan díẹ̀ bí ọsàn ni kí n fi lò ó, torí fítámì C inú ẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. Ẹ wò ó bí iṣẹ́ mi ṣe di ohun tó wúlò. Látọjọ́ yẹn, àwo ọsàn kékeré kan àti oògùn kan, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí oṣù tó parí, ó ti sú mi láti máa rún yìnyín, bí ẹní lá àlá tó jí ni. Èso dídì yàtọ̀ sí yìnyín o, tó bá jẹ́ yìnyín gan-an ni ara yín ń béèrè lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn ní kílíníkì.

Ọjọ́ kan náà ni mo kọ́ ohun kejì. Èmi rò pé tí nǹkan bá ti wọ fírísà, kòkòrò inú ẹ̀ ti kú nìyẹn. Wọ́n ní rárá o, òtútù kì í pa wọ́n, ó kàn ń mú kí wọ́n sùn ni, tí oúnjẹ bá yọ́ wọ́n á jí. Wọ́n ní kódà kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní listeria, nínú fíríìjì tó tutù dé dígírì 4 ṣì lè máa pọ̀ sí i, aboyún ló sì máa ń tètè ràn, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Torí ẹ̀ ni mo fi ń fọ gbogbo èso lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí n tó gé e, títí kan èyí tí mo máa bó, torí ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Mílíìkì màálù tí wọn ò sè, mi ò lò ó. Ẹyin tútù, mi ò lò ó. Omi tí mo bá fẹ́ fi pò ó, mo ti sè é kó hó, mo ti jẹ́ kó tutù. Bílẹ́ńdà, mo máa ń tú ọ̀bẹ ìdí ẹ̀ kúrò kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ̀ ọ́, ẹ tú tiyín wò lónìí, ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ 14. Àgbálùmọ̀

Kò sẹ́ni tó lè gbé Ìbàdàn lóṣù kejì kó má ra àgbálùmọ̀. Mo ní kí n dì í. Ìgbà àkọ́kọ́ mo da gbogbo ẹ̀ àti èèpo sínú bílẹ́ńdà, oje ẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbogbo inú ẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, mo fi epo pupa nù ún kó tó ṣí. Ìkejì, mo bó o, mo fi ọwọ́ fún ẹran ara ẹ̀ kúrò lára kóró, mo sẹ́ ẹ, mo wá pò ó pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n débi pé èèpo ẹ̀ ti ń ní àmì dúdú dúdú. Kíkan tẹ̀yìn adùn yẹn, ó pa èébì mi lẹ́nu mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ, ogún àgbálùmọ̀ ò kún ife kan. Mo fi sílẹ̀.

Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó pọ́n dáadáa, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tó dì, tí wọ́n wá lọ̀ nínú bílẹ́ńdà, á fẹ́lẹ́ bí áísíkirímù láìsí mílíìkì kankan nínú ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ máa jáde á dà bí iyanrìn, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù, ẹ máa dá a dúró kẹ́ ẹ fi ṣíbí ro ó, á dédé yí padà á di ọ̀rá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì nínú èso yòówù, kì í jẹ́ kó di òkúta.

Ọ̀sẹ̀ 16. Ìbẹ́pẹ, àti bí iná ṣe lọ

Ìbẹ́pẹ tó pọ́n rọ̀ gan-an ni o, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ò tíì pọ́n. Oje funfun tó wà lára èyí tí ò pọ́n, wọ́n ti dán an wò lára ilé ọmọ eku, ó ń mú un sún kì. Mi ò ní tìtorí ìbẹ́pẹ kékeré fi oyún dán nǹkan wò. Tó bá ti pọ́n tán tí oje yẹn ti tán lára ẹ̀, ó rọ̀ nínú, ó sì máa ń jẹ́ kéèyàn yàgbẹ́, èyí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ti dí mọ́ mi nínú nígbà yẹn.

Mo ṣe ife mẹ́jọ, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo fún sí i, mo tò ó sí fírísà kékeré òkè fíríìjì wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò dé títí di ọjọ́ Àìkú. A lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tá a máa padà dé iná ti wà, gbogbo ife dì pákánpákán, ó dáa lójú. Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ọkọ mi ló ní ṣé ó dá ẹ lójú pé kò yọ́ tán kó tó tún dì? Mi ò lè búra. Mo da mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nù, ó dùn mí dé egungun, iṣẹ́ àárọ̀ kan odidi.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń gbé ife omi dídì kan sínú fírísà, tí mo fi owó ẹyọ kan lé orí yìnyín ẹ̀. Tí mo bá dé tí owó yẹn ṣì wà lókè, kò yọ́. Tó bá ti rì sísàlẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti yọ́ rí, kò sí àríyànjiyàn. Fírísà ńlá tó kún dẹ́nu lè gbé òtútù tó ọjọ́ méjì tẹ́nikẹ́ni ò bá ṣí i, èyí tó kún dé ìdajì á gbé bí ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n àpótí kékeré òkè fíríìjì bíi tiwa yìí, tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣí ní gbogbo ìgbà, má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Kúlà

Oṣù kẹta, ooru Ìbàdàn ti dé, òrùlé páánù ń gbóná bí agbada. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò fẹ́ fírísà mọ́, mo fẹ́ ohun tó lè dì nǹkan láìsí iná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ajẹ́ ni mí. Mo ní iyọ̀ ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Yìnyín fúnra ẹ̀ kì í tutù ju dígírì 0 lọ tó bá ti ń yọ́, omi èso sì nílò kó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ kó tó dì torí ṣúgà inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá da iyọ̀ sórí yìnyín, iyọ̀ á fi ipá yọ́ ọ, yìnyín tó bá sì ń yọ́ gbọ́dọ̀ rí ooru fà níbì kan, ara abọ́ tẹ́ ẹ gbé sáàrin ẹ̀ ló máa ti fà á. Tí ìwọ̀n iyọ̀ bá pé, òtútù omi iyọ̀ yẹn lè dé nǹkan bíi dígírì 21 lábẹ́ òdo, ó tutù ju fírísà ilé lọ.

Ohun tá a kó jọ: kúlà àtijọ́ kan tí ọwọ́ ẹ̀ ti dá, tó ní ihò ìsàlẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣí kí omi dà jáde. Kóńgò sítéènlẹ́ẹ̀sì gíga kan tó ní ọmọrí, a rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta abọ́ ní Dùgbẹ̀, irin ló gbọ́dọ̀ jẹ́ torí ike kì í jẹ́ kí òtútù kọjá kíákíá. Áìsì bílọ́ọ̀kù mẹ́rin. Iyọ̀ oníhóró, kì í ṣe èyí tó kúnná, torí èyí tó kúnná á yọ́ tán kíákíá á rì sísàlẹ̀. Ìwọ̀n yìnyín mẹ́ta sí ìwọ̀n iyọ̀ kan. Àti ọmọrogùn tuntun kan tí ò tíì mọ àmàlà rí láyé ẹ̀, torí tinú ilé ti gbé òórùn, mo sì ti sọ ohun tí òórùn yẹn ń ṣe fún mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ Sátidé, ọkọ mi jókòó sórí àpótí ó ń ro ó, èmi ń ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú márùndínlógún, etí kóńgò ti ń ní yìnyín funfun. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ọmọrogùn ti ń wúwo. Ìṣẹ́jú ogójì, ó dúró lórí ṣíbí. Ọmọ wa ń fò sókè. Mo fi ṣíbí tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Iyọ̀ kíkorò. Bí yìnyín ṣe ń yọ́, omi iyọ̀ ti ga dé ẹnu kóńgò, ó ń gba abẹ́ ọmọrí wọlé díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ ká mọ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó odidi kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin ló bá a lọ. Kì í ṣe adùn nìkan ló bàjẹ́, omi tí wọ́n fi ṣe áìsì tó wà lójú títì, ta ló mọ odò tó ti wá, ìwọ̀nba tó bá wọ inú oúnjẹ aboyún ti pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọkọ mi fi ń rò ó, ó ń wo kúlà yẹn bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó kú sójú títì. Ohun tó ṣe nìyí. Ó gé ihò róbótó sáàrin ọmọrí kúlà, ó ṣe ẹ́ kó fún ọrùn kóńgò dáadáa, kóńgò wá yọ sókè bí ìka ọwọ́ mẹ́rin kọjá ọmọrí. Ó fi bíríkì kan tó fọ̀ mọ́ sábẹ́ kóńgò kó má bàa rì. Ó wá ki páìpù kékeré kan bọ ihò ìsàlẹ̀ kúlà, ó ká a sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí omi iyọ̀ bá ti ga dé ibi tí páìpù yẹn dé, á máa dà jáde sínú báfù fúnra ẹ̀, kò ní lè dé ẹnu kóńgò láéláé. Tí mo bá fẹ́ ro ó, orí ọmọrí ni mo ti ń ro ó, mi ò tún rí yìnyín sójú. Ó ká kúbùsù àtijọ́ mọ́ ara kúlà kí ooru ìta má wọlé.

Ọ̀sẹ̀ 20, a tún un ṣe. Kò sí iyọ̀ nínú ẹ̀. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà.

Omi iyọ̀ tó dà jáde, mo máa ń da á sínú tírè aláyípo ńlá, mo sá a sóòrùn lórí bárándà, lọ́jọ́ mẹ́ta iyọ̀ á padà jókòó síbẹ̀, òun ni mo ń kó lò nígbà míì fún kúlà nìkan. Owó áìsì tí mo ń ná lẹ́ẹ̀kan ò tó epo tí jẹnẹrétọ̀ wa ń mu láàárín wákàtí méjì. Kí ẹ má fi ọwọ́ lásán kó yìnyín oníyọ̀ o, ó máa ń jóni bí iná, èmi ní ìléròrò méjì lọ́wọ́ òsì kí n tó gbọ́n.

Màámi

Màámi ò fẹ́ràn gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òtútù á wọ ọmọ nínú, wọ́n ní ohun dídùn á fún mi ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n ní ọ̀pẹ̀yìnbó máa ń já oyún. Mi ò lè já màámi níyàn, mo kàn ń sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn jẹ́jẹ́ ni. Mo ní ẹ wò ó mà, kó tó dé ọ̀fun ó ti yọ́, kó tó dé inú ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ ò mọ̀ pé yìnyín ni. Ti jẹ̀díjẹ̀dí, mo ti dín ṣúgà kù, ṣíbí oyin méjì péré ló wà nínú kóńgò odidi. Ti ọ̀pẹ̀yìnbó, kò sí ìdí tí aboyún fi máa sá fún gígé bíi mẹ́rin ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú ẹ̀, ara igi ẹ̀ ló pọ̀ sí jù, ìwọ̀nba tó wà nínú ẹran ẹ̀ ò tó ohun tó ń já oyún. Wọ́n ní hẹ̀n ẹ́n. Wọn ò jẹ ẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n gbé àgbọn mẹ́ta wá láti ilé wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n wò ó bóyá á wúlò.

Ó wúlò gan-an ni. Mo ti gbìyànjú ọ̀pẹ̀yìnbó pẹ̀lú mílíìkì alágolo ṣáájú, kò lọ, ó korò, ó sì dì wẹ́wẹ́ bí wàrà tó bàjẹ́, torí nǹkan kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tó máa ń jẹ mílíìkì, òun náà ló ń ta ahọ́n wa, òtútù ò sì lè pa á. Ooru ló ń pa á. Tẹ́ ẹ bá se ọ̀pẹ̀yìnbó yẹn lórí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó lò ó, mílíìkì á gbà á. Èmi wá fi oje àgbọn dípò mílíìkì, ọ̀rá inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sóbò náà, mo fẹ́ dì í, nọ́ọ̀sì ní kí n dá a dúró dìgbà tí mo bá bímọ. Mo dá a dúró.

Ọ̀sẹ̀ 23. Máńgòrò

Máńgòrò dé. Mo wọ Máíkírà lọ sí Ṣáṣá ní kùtùkùtù, mo ra agbọ̀n kan, gbogbo ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sí àmì kan lára wọn. Mo délé mo gé e, inú ẹ̀ le, ó funfun, kò ní òórùn, kíkan ẹ̀ tún ń ta ẹnu. Kábáídì ni wọ́n fi pọ́n ọn. NAFDAC ti ń kígbe ẹ̀ tipẹ́, torí kábáídì yẹn lè ní ásẹ́níìkì nínú, tí í ṣe májèlé. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, mi ò gé èyí tó dáa kúrò lára èyí tí ò dáa.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ọgbà wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, ló kọ́ mi pé kí n máa ra èyí tó gbó tí ò tíì pọ́n, tí èjìká ẹ̀ ti yọ, kí n tò ó sínú páálí pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n. Atẹ́gùn tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa pọ́n ìyókù, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí imú yín bá yín mú un: tí ìdí ẹ̀ bá ti ń rùn dídùn, ó tó.

Ọ̀sẹ̀ 26

Wọ́n yẹ ṣúgà mi wò, láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n máa ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò jẹ èso dídì kankan lọ́jọ́ márùn-ún ṣáájú, nọ́ọ̀sì bá mi wí, wọ́n ní bí mo ṣe ń jẹun gan-an ni wọ́n fẹ́ rí. Ó dára, kò ga. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má jẹ ju ààbọ̀ ife lọ lẹ́ẹ̀kan, kí n má jẹ ẹ́ lórí ikùn òfìfo, kí n máa lo odidi èso tí mo lọ̀ dípò omi ẹ̀ tí mo sẹ́, torí okùn inú ẹ̀ ló ń dá ṣúgà dúró kó má sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò fi sẹ́ nǹkan mọ́ látìgbà yẹn. PCV mi ọjọ́ yẹn jẹ́ 33.

Ọ̀sẹ̀ 31. Èyí tí mò ń ṣe báyìí

Máńgòrò ńlá mẹ́ta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, oje àgbọn ife kan, oyin ṣíbí méjì, ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì, atalẹ̀ bí èékánná. Mo lọ gbogbo ẹ̀, mo gbé e sí fíríìjì wákàtí méjì kó kọ́kọ́ tutù kó tó wọ kóńgò, èyí máa ń dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú ríro. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ó tó. Mo máa ń bù ú sínú ife kékeré olómọrí, mo kọ ọjọ́ sí i lára pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì mi ò jẹ ẹ́ mọ́. Kó tó wọ ẹnu, mo máa ń gbé e síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdí eyín mi dúpẹ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ́mọ tí ò tíì pé ọdún kan nílé, ẹ má fún un lára èyí tó ní oyin, àgbà ni oyin ò lè ṣe nǹkan kan.)

Aládùúgbò wa kan tóun náà lóyún oṣù mẹ́rin ti yá kúlà lánàá, ó ní òórùn ẹ̀wà ló ń lé òun kiri. Mo bá a ki páìpù bọ ihò ẹ̀, mo fi ibi tí omi ń gbà dà jáde hàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa dá a padà lọ́jọ́rú, torí máńgòrò mẹ́fà ti wà nínú páálí lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóòórùn wọn báyìí, méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.